Ilé Ìgbẹ̀bí Tí A Fi Ẹnu Kọ́

Olóyè Philemon Àríyọ̀ kì í fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Iṣẹ́ Lérè nìyẹn. Ní Àjọ Ìdàgbàsókè Abúlé tó wà ní Okitipupa, níbi tí Olóyè ti jẹ́ Olùdarí Àgbà, alukoro ni wọ́n gba Lérè sí, ẹni tí yóò máa sọ fún ará ìlú ohun tí àjọ ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wọn: bí Olóyè ti ga tó.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí àlejò pàtàkì tó sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ, ẹnìkan á kọ́kọ́ dìde, á ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ohun tí àwọn alákọ̀wé ń pè ní sáítéṣọ̀n. Ilé-ìwé tó lọ, iṣẹ́ tó ṣe, oyè tó jẹ, ọmọ tó bí. Níbòmíràn, bí ayẹyẹ ńlá bá wà ni wọ́n ń ka irú rẹ̀. Ní ọ́fíìsì Olóyè Àríyọ̀, bó bá ti ń wọlé láàárọ̀ ni. Bó bá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó padà dé, wọ́n á tún un kà, nítorí àlejò tuntun lè ti jókòó nígbà tó wà lọ́hùn-ún.

Lérè kì í wòwé. Orí ló ti ń kà á. Ó ti ṣe eré orí ìtàgé díẹ̀ ní yunifásítì, ó mọ ibi tí ohùn ti ń ròkè, ó mọ ibi tí ènìyàn ti ń dánu dúró kí àtẹ́wọ́ lè ráyè wọlé. Kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Bó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, á wo ara rẹ̀ nínú dígí, á ní, "Lérè, ọmọ Ìkálẹ̀, o kàwé, o gboyè, àwọn òbí rẹ ta oko ọ̀pẹ nítorí rẹ. Wo bó o ti wá di akéde ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Lẹ́yìn náà, á so táì rẹ̀ mọ́rùn, á lọ síbi iṣẹ́.

Ibi tí wàhálà ti wọlé rèé. Wọ́n ń ṣí ìsọ̀ ọjà tuntun ní Òde-Ayé, Lérè wà lẹ́nu iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ti gbóná. Ó ní, "Òun ló la ọ̀nà fún àwọn àgbẹ̀! Òun ló gbẹ́ kànga fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ!" Ó wá rí i pé nǹkan ti tán. Ohun méjì péré ni Olóyè ṣe láti ìgbà tó ti débẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún gan-an kò sì gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣeré rí mọ̀ pé ohun méjì kò tó. Méjì máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí agboòrùn tí kò ṣí tán. Ẹ̀kẹta ló ń mú kí èrò dìde. Àwọn ènìyàn ti na ọwọ́ sílẹ̀ fún àtẹ́wọ́, Lérè kò sì lè fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ lófuurufú.

Ó ní, "Òun ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Ìdí-Àgbọn!"

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Ìdí-Àgbọn jẹ́ abúlé kékeré kan lẹ́yìn Àyèká. Lérè kò débẹ̀ rí. Orúkọ náà kàn dùn lẹ́nu ni.

Olóyè yíjú wò ó. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dàrú, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà, ó ní:

"Lérè, ilé ìgbẹ̀bí yẹn. Àwọ̀ wo la kùn ún, ná?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ọmọlúàbí ì bá ti sọ òótọ́. Ọ̀nà ṣì jìn, ọkọ̀ kò pariwo, àwọn méjèèjì nìkan ló wà lẹ́yìn. Lérè mí kanlẹ̀.

"Àwọ̀ ewé ni, sà."

"Mo rántí," ni Olóyè wí. "Àwọ̀ ewé. Ó wu ojú."

Láti ọjọ́ náà ni ilé ọ̀hún ti ń dàgbà. Ní Òde-Ìrèlé, wọ́n gbé ibùsùn sí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ṣe ìpàdé, ó ti ní ẹ̀rọ amúnáwá. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, Olóyè fúnra rẹ̀ ti ń sọ ìtàn ọmọ ìbejì tí wọ́n kọ́kọ́ bí síbẹ̀, tí ìyá wọn fẹ́ sọ ọ̀kan ní Philemon. Omi tilẹ̀ máa ń lé lójú rẹ̀ bó bá débẹ̀. Lérè náà á fi háńkáṣífù nu ojú tirẹ̀, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ṣé o rí ayé rẹ? O ti ń sunkún ayọ̀ fún ọmọ tí kò sí."

Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló mọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ìjọba béèrè láti Àkúrẹ́ pé abúlé wo ni kò tíì ní ilé ìgbẹ̀bí, kí àwọn lè kọ́ ọ fún wọn. Ìdí-Àgbọn ló wà níwájú. Wọ́n tilẹ̀ ti wá wọn ilẹ̀, wọ́n ti ri èèkàn mọ́lẹ̀. Olóyè gbé fóònù, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè.

"Ìdí-Àgbọn kẹ̀? A ti kọ́ tiwọn tipẹ́! Àwọ̀ ewé ni. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn."

Wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Àgbọn tó ń jẹ́ Tọ̀yíbà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Zulkifli. Pupuru ló ń ṣe. Ẹ̀gẹ́ tó bá rẹ, tó gún, tó sì mọ róbótó kó tó gbé e sórí èéfín, wọ́n ń wá a rà láti Okitipupa. Ridwanat, ìyàwó Zulkifli ọmọ rẹ̀, tún ti lóyún. Ọmọ tí ó bí ṣáájú, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ìrọbí ti mú un, ọmọ náà kò dúró de ilé ìwòsàn, ojú títì lẹ́bàá Àyèká ló bí i sí, ọlọ́kadà ló bọ́ ẹ̀wù tí wọ́n fi gbà á. Ọmọ yẹn yè. Ṣùgbọ́n Ìyá Zulkifli ti sọ pé èyí tó ń bọ̀, abẹ́ òrùlé ni wọ́n máa bí i sí. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí àjọ láti béèrè ibi tí àwọn tó wá ri èèkàn gbà lọ.

Desmond, akọ̀wé Olóyè, ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Olóyè ti kọ́ Desmond ní èsì kan ṣoṣo, Desmond sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba ni."

"Àṣírí báwo? Ilé ni mo ní mò ń béèrè. Ilé tó ga ju orí lọ, ibo ni wọ́n máa fi pamọ́ sí?"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè."

"Túsìdeè la wà yìí, ọmọ mi."

"Túsìdeè mìíràn ni, Ìyá."

Ó padà wá ní Túsìdeè mìíràn. Ó tún wá. Lérè máa ń rí i láti ojú fèrèsé, á sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ohun tó ń wá níbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Arábìnrin Mildred dé. Ẹgbẹ́ kan ní Àkúrẹ́ ló rán an wá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba bí a ti ń dá ará ìlú lóhùn, kí wọ́n sì máa kọ́ ará ìlú bí a ti ń béèrè. Òfin ti wà, ó ní, pé ẹni tó bá béèrè ohun tí ìjọba ń ṣe lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ rí èsì. Kí àjọ àti àwọn ará abúlé jókòó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, kí wọ́n jọ kọ́ ọ.

Olóyè ì bá lé e padà, bí kò ṣe pé Arábìnrin Adérónkẹ́, ọ̀gá pátápátá kan láti Àkúrẹ́, máa wà níjòókòó. Àyè ńlá kan sì ṣí sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí Olóyè ti fojú inú ra àga sí.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Lérè ka sáítéṣọ̀n. Ó la ọ̀nà, ó gbẹ́ kànga, ó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú ibùsùn àti iná. Arábìnrin Mildred wo aago, ó jókòó, ó tún dìde, ó tún jókòó. Nígbà tó parí, Olóyè gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ní kí ìjọba ṣí ilẹ̀kùn. Èmi Àríyọ̀, mo ti yọ ilẹ̀kùn kúrò! Wọ́n ní kí á jẹ́ kí ará ìlú rí inú wa. Ẹ wo inú mi! Ẹ wò ó dáadáa! Kí ni ẹ rí?"

"Ìmọ́lẹ̀, sà!" ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáhùn. Lérè ló ti kọ́ wọn.

"Mi ò gbọ́!"

"Ìmọ́lẹ̀!"

Arábìnrin Mildred dúpẹ́, ó ní kí wọ́n wá dán an wò. Kí ará ìlú kan béèrè ohun kan, ohun kékeré tí kò le, kí àjọ dáhùn lójú gbogbo ènìyàn. Olóyè na apá méjèèjì. "Ẹ bi mí! Ẹ bi mí léèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́ mi. Ẹ má ṣojo!"

Ìyá Zulkifli dìde láàárín èrò. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kú ìjókòó o. Olóyè, mo gbọ́ ọ lẹ́nu arákùnrin yìí pé ẹ ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí Ìdí-Àgbọn. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ìdí-Àgbọn ni mo ti jí láàárọ̀ yìí. Mi ò rí i. Mo ní kí n béèrè bóyá ẹ lè fi hàn mí, torí ìyàwó ọmọ mi ti ń gbé ẹsẹ̀ wúwo."

Èrò bú sẹ́rìn-ín.  Lérè wo ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé ènìyàn pọ̀ jù láàárín òun àti ibẹ̀.

Olóyè náà rẹ́rìn-ín, tìfẹ́tìfẹ́. "Ìyá, bóyá ẹ kì í jáde nílé. Ilé ńlá! Àwọ̀ ewé!"

"Mo máa ń jáde, Olóyè. Mo wo àwọ̀ ewé. Ewé ni."

Arábìnrin Adérónkẹ́ tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá ní, "Àyèká kò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ba Olóyè. Ẹ̀rù ń ba ẹni tó mọ̀ pé òun ń purọ́. Olóyè Àríyọ̀ kò purọ́. Ó gbà gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. "Kí a lọ! Kódà, ẹ bá mi gbé fọ́tò mi kan dání tí a máa so kọ́ síbẹ̀."

Nínú ọkọ̀, Lérè gbìyànjú. Kí ẹ má rò pé kò gbìyànjú. Ó fẹnu súnmọ́ etí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Sà, ní ti ilé yẹn…"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ilé yẹn! Madam kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa nínú gbọ̀ngàn. Kà á fún wọn."

"Sà, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé…"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Lérè."

Lérè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á kọjá Àyèká, bí ọ̀pẹ ti ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó kà á dáadáa. Àní nígbà tó dé orí ibùsùn, ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, Arábìnrin Adérónkẹ́ sì mi orí. Lérè ní nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ń gbé ọ lọ síbi ìtìjú, o ṣì ń tún ohùn ṣe."

Wọ́n dé Ìdí-Àgbọn. Gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó gbé èrò gbọ̀ngàn náà sì ń wọlé tẹ̀ lé wọn. Ìyá Zulkifli mú wọn lọ síbi tí wọ́n ri èèkàn sí. Ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ti ga dé àyà. Ewúrẹ́ kan jáde láti inú rẹ̀, ó wò wọ́n, ó padà wọlé.

"Ibí kọ́," ni Olóyè wí. "Ẹ̀yìn àwọn ọ̀pẹ yẹn ni."

Wọ́n lọ ẹ̀yìn àwọn ọ̀pẹ yẹn. Odò kékeré kan ló wà níbẹ̀.

"Rárá, apá kejì. Mo rántí pé oòrùn wà lójú mi nígbà tí mo ń ṣí i."

Wọ́n lọ apá kejì. Ẹrẹ̀ gba bàtà Olóyè kan, kò dúró mú un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀, ó ń ti imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbádá rẹ̀ ń há mọ́ ẹ̀gún. Ó yọ sí àgbàlá kan, ó bá aboyún kan lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé ibí ni ilé ìgbẹ̀bí?"

"Rárá o, sà," ni Ridwanat wí. "Ilé ọkọ mi ni. Èmi náà ń wá a."

Olóyè nu iwájú orí. Ó gbé fóònù, ó pe ọ́fíìsì rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dára, nítorí náà ó ṣí ohùn fóònù sókè kó lè gbọ́, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́.

"Hẹ́lò! Ilé ìgbẹ̀bí Ìdí-Àgbọn, apá ibo gan-an ló wà?"

Ohùn Desmond wọlé, ó ń já, ó ń so. "Ta ló ń béèrè?"

"Èmi ni!"

"Èmi wo?"

"Èmi Olùdarí!"

"Ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba ni. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè."

"Desmond! Mo nílò rẹ̀ báyìí! Àwọn èèyàn dúró tì mí!"

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Desmond wí, ó sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan rọra húkọ́, tí ẹlòmíràn húkọ́, tí ẹ̀rín fi gba àgbàlá kan. Olóyè yíjú sí alukoro rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

"Lérè. Sọ fún wọn. Sọ fún wọn, kí o sọ ẹni tí mo jẹ́."

Lérè lanu. Ohùn ti wà ní sẹpẹ́, wọ́n ti dákẹ́ dè é, àyè dára jù fún un. Ó tún pa ẹnu dé.

Ìyá Zulkifli ló sún mọ́ ọn. Kò bínú. Ì bá sàn fún Lérè bó bá bínú.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ìwọ lo máa ń kà á. Níbo lo ti rí ilé náà?"

"Alukoro ni," ni Arábìnrin Mildred wí jẹ́jẹ́ látẹ̀yìn. "Òun gan-an ni òfin ní kó dáhùn."

Lérè wo ẹ̀gẹ́, ó wo aboyún, ó wo bàtà kan tó ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹnu mi ni mo kọ́ ọ sí, Ìyá. Ohun méjì péré ló wà, mo fẹ́ kó pé mẹ́ta. Kò sí ilé. Kò sí i rí."

"Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni!" Olóyè pariwo. Ẹ gbà mí gbọ́, ìrora inú ohùn rẹ̀ kì í ṣe eré. "O sọ fún mi pé àwọ̀ ewé ni! Mo rántí rẹ̀! Mo rántí àwọn ìbejì!"

"Olóyè," ni Arábìnrin Adérónkẹ́ wí, "ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní Àkúrẹ́ pé ẹ ti kọ́ tiwọn. Ohun tí a fi yọ wọ́n kúrò nìyẹn."

Ridwanat fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Kí àtẹ́wọ́ yín lè dún ni ọmọ mi fi fẹ́ balẹ̀ sójú títì?"

 Olóyè jókòó sórí odó kan tó dojú délẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí wọ́n máa bá padà.

Olóyè dé Àkúrẹ́ lóòótọ́. Wọ́n gba àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó wá dúró sí olú ilé-iṣẹ́ títí wọ́n fi máa rí ibi tí wọ́n máa fi í sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá a dúró.

"Baba, ta ni yín?"

Olóyè wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó gún èjìká, ó tún wẹ̀yìn. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó ní, "Philemon."

"Philemon ta ni?"

Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó rántí ìyókù.

Lérè ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ dè wọ́n, kí wọ́n wá lé e. Wọn kò lé e. Èyí tí wọ́n ṣe fún un le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Arábìnrin Adérónkẹ́ dá Ìdí-Àgbọn padà sípò, tí bíríkìlà sì dé, àwọn obìnrin abúlé náà ní kí àjọ máa rán alukoro wá sọ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Alukoro wo? Wọ́n ní èyí tó mọ̀ ọ́n sọ.

Ridwanat kò dúró de ilé náà. Bí oṣù rẹ̀ ti ń pé, Ìyá Zulkifli mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Okitipupa, nítòsí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló bímọ sí, obìnrin, lórí ibùsùn tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Òun àti ọmọ ti padà sílé nígbà tí Lérè wá sọ ti oṣù náà.

Lérè dúró síwájú ògiri tí kò tíì ga. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn obìnrin jókòó lórí bíríkì.

"Ìpìlẹ̀ wà," ó ní. "Ògiri dé orúnkún. Òrùlé kò sí. Fèrèsé kò sí. Nọ́ọ̀sì kò sí."

Láìmọ̀, ó ti gbé ohùn sókè lórí ẹ̀kẹta, ó sì dánu dúró. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, àwọn náà sì bá a rẹ́rìn-ín.

"Omi ńkọ́?" ni Ìyá Zulkifli béèrè.

Lérè ronú sí i. Omi ì bá dùn lẹ́nu gan-an.

"Omi kò sí, Ìyá."

"Ó dáa." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bíríkì kí àyè lè wà. "Wá jókòó. Ó kéré tán, a ti mọ ibi tí a bá a dé."